Àwòrán Ọmọdé Kì í Ṣe Irọ́

Ní Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá, ní agbègbè Sátẹ́láìtì tí ó wà ní Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin, kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ tánkà epo. Kì í ṣe Ìjẹ̀gun ti ìhà Ìkọ̀tún, níbi tí páìpù epo ti gbiná ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ni à ń wí. Èyí tí ó wà níhà omi ni. Àwọn àgbá epo ràbàtà-ràbàtà wà nínú ọgbà wọn níbẹ̀, ọkọ̀ tánkà a sì máa tò lọ bẹẹrẹ lójú títì tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Bí ènìyàn bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́fà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ya tánkà, ohun tí yóò yà kò ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀. Yóò ya àgbá gbọọrọ. Yóò to àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà jọ, gbogbo wọn ni yóò sì hàn, ti ọ̀tún àti ti òsì. Yóò ya awakọ̀ tí orí rẹ̀ tóbi ju fèrèsé ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò mú pẹ́ńsù, yóò sì fi kun inú àgbá náà dúdú kirikiri, nítorí pé epo wà níbẹ̀. Àgbà tí ó bá wò ó yóò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tí ó ń kánjú yóò fa igi pupa sí i, yóò sì béèrè pé ta ni ó ń rí epo láti ìta àgbá.

Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ọmọ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí epo. Wọ́n ní kí ó ya tánkà epo. Ó sì ya ohun tí ó sọ ọ́ di tánkà epo. Bí ó bá jẹ́ àgbá lásán ni ó yà, kí ni ènìyàn yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe omi ni ó wà nínú rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ronú dé ibẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kò tí ì ronú débẹ̀, ó sì ti fa igi pupa.

Igi pupa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ilé-ìwé púpọ̀, àwòrán tí ó bá jọ èyí tí olùkọ́ yà sára pátákó jù lọ ni ó ń gba máàkì. Àwọn jẹ́lé-ó-sinmi mìíràn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ yà rárá. Ìwé àwòrán tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń há fún wọn pé kí wọ́n máa kùn ún láìkọjá ìlà: ápù, ọkùnrin oníyìnyín, ilé tí ó ní ihò èéfín lórí. Ọmọ Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá kò rí yìnyín rí àfi nínú fìríìjì. Nígbà tí ó bá fi máa dé píránmárì karùn-ún, bí wọ́n bá gbé ìwé òfìfo síwájú rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé òun kò mọ àwòrán yà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kan náà ya erinmi, ya eégún, ya ìyá rẹ̀ àti ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Níbo ni ìmọ̀ náà gbà lọ?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1927, Georges-Henri Luquet, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde lórí àwòrán àwọn ọmọdé. Ó ṣàlàyé pé àsìkò kan wà tí ọmọ máa ń ya ohun tí ó mọ̀ nípa nǹkan, tí kì í ṣe ohun tí ojú lè rí láti ojú kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ògiri ilé nínú àwòrán rẹ̀ fi máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí bẹ́ẹ̀dì àti àga fi ń hàn síta. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń hàn nínú ikùn aboyún. Ní ọdún 1972, àwọn olùwádìí méjì, Freeman àti Janikoun, gbé ife kan síwájú àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Òdòdó wà lára ife náà ní iwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ìdìmú rẹ̀ sẹ́yìn, ojú kò sì lè rí i. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ya ohun tí wọ́n rí. Àwọn kékeré ya ìdìmú tí wọn kò rí, púpọ̀ nínú wọn sì fo òdòdó tí wọ́n ń rí. Àwọn tí ó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdòdó, tí wọ́n fi ìdìmú sílẹ̀. Ojú àwọn kékeré kò fọ́. Ìdìmú ni ó sọ ife di ife lójú wọn. Òdòdó kò ju ọ̀ṣọ́ lọ.

Yorùbá tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa kò yẹ kí ó ya ẹnu sí èyí. Èdè wa ya wíwò sọ́tọ̀ kúrò lára rírí: ènìyàn lè wo nǹkan títí kí ó má rí i. A ní ojú, a sì ní ojú inú. Babatunde Lawal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 2001 lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, àwòrán, ó sì so ó pọ̀ mọ́ wíwò àti ìrántí: ohun tí a ń wò tí ó ń rán wa létí ohun mìíràn. Bí àwọn onímọ̀ gírámà bá fẹ́ kí wọ́n bá a jiyàn lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pín, ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó wí nípa bí Yorùbá ṣe ń lo àwòrán dúró ṣinṣin. Ìránnilétí ni iṣẹ́ àwòrán. Kò sí ẹni tí ó bá a ṣe àdéhùn pé kí ó máa ṣe bíi dígí. Nígbà tí a bá sì ní kí ọmọ kọ nǹkan jáde láti inú ara rẹ̀, àròkọ ni a ń pè é, ohun tí a rò kí a tó kọ. Bí àròkọ bá lè wà, kí ni kò jẹ́ kí àròyà wà?

Ẹ wo ère. Orí ènìyàn gidi kì í ju ìdá kan nínú ìdá méje gíga rẹ̀ lọ tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ère Yorùbá, orí a máa tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́ta. Jagunjagun a máa tóbi ju ẹṣin tí ó gùn lọ. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ òpó kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Òpó náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Chicago báyìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀, olorì yìí sì ga, ó tóbi débi pé ọba dà bí ọmọ níwájú rẹ̀. Ṣé Ọlọ́wẹ̀ kò mọ bí obìnrin ṣe ń tó ni? Ó mọ̀. Ó fi ìwọ̀n sọ̀rọ̀ nípa agbára obìnrin lẹ́yìn ọba ni.

Ibi yìí ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn kan fi ère wa wé àwòrán ọmọdé láti fi bú wa. Agbẹ́gilére kì í ṣe ọmọdé. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe àti ìdí tí ó fi ń ṣe é. Nígbà tí Robert Farris Thompson kọ nípa bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère, ní ọdún 1973, ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni jíjọra, àlàyé wọn sì ni pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì jìnnà sí i jù. Àwọn baba wa kan náà ni ó dá àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, tí ó jọ ènìyàn débi pé ẹni tó bá rí wọn yóò fẹ́ kí wọn. Wọ́n mọ méjèèjì. Ibi kan ṣoṣo tí ọmọdé àti agbẹ́gilére ti pàdé ni pé, lójú àwọn méjèèjì, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ó ń tóbi. Àwọn ará Festac Town ń gbé lábẹ́ ẹ̀rí yìí láti ọdún 1977. Àwòrán ojú Ìdíà, ìyá ọba Bìní, tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà, ní àwọn orí kéékèèké ti àwọn Potogí tí wọ́n tò sókè rẹ̀ bí adé. Obìnrin wo ni ó ń ru orí Potogí káàkiri? Ohun tí oníṣẹ́ eyín erin náà mọ̀ nípa òwò àti agbára ìjọba Bìní ni ó gbẹ́ síbẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó fa igi pupa sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan kọ́ sì ni. Viktor Lowenfeld, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó kọ́ àwọn afọ́jú ní iṣẹ́ ọnà ní Vienna kí ó tó sá fún Hitler lọ sí Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn kan ń fi ojú gba ayé, àwọn mìíràn sì ń fi ara gbà á. Ẹni tí ó ń fi ojú gbà á yóò dúró lókèèrè, yóò wo bí nǹkan ṣe tò. Ẹni tí ó ń fi ara gbà á yóò ya ọwọ́ gùn gbọọrọ nínú àwòrán ẹni tí ó ń ká ọsàn, nítorí pé ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ni ó ń ro ó. Ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde ní ọdún 1947. Kò sí ìdánilójú pé gbogbo ènìyàn ni ó ṣeé pín sí apá méjì bí obì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ti gbọ́ pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pe ọwọ́ gígùn ní àṣìṣe. Hampton, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni Lowenfeld ti kọ́ John Biggers, ẹni tí ó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1957, tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, tí ó sì padà lọ ya ohun tí ó rí.

Àríyànjiyàn yìí gan-an ti wáyé rí ní Èkó, láàárín àwọn ènìyàn méjì tí ìtàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà kò lè fò. Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà nípa wíwo àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó. Ní ọdún 1906 ó ya àwòrán ìyáàfin Spencer Savage, ó sì jọ ọ́. Ọnàbólú ń ṣe àkọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà náà, kò sì ní olùkọ́. Ó lọ sí London ní ọdún 1920, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1922, ó sì padà wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní King's College, CMS Grammar School àti àwọn ilé-ìwé Èkó mìíràn. Ẹ̀kọ́ tí ó ń tẹnu mọ́ jù ni bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré, bí ìlà méjì ojú ọ̀nà ṣe ń sún mọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń lọ sókèèrè. Ó tẹnu mọ́ ọn débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní "Mr. Perspective". Òun fúnra rẹ̀ ni ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún òun.

Ẹni tí wọ́n mú wá ní ọdún 1927 ni Kenneth Murray, òyìnbó. Ọdún yìí kan náà ni ìwé Luquet jáde. Ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ni, àmọ́ ó dùn-ún rántí. Murray yí ẹ̀kọ́ náà padà. Kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa da òyìnbó kọ. Ó ní kí wọ́n ya ọjà wọn, oko wọn, àti ohun tí wọ́n rò nínú ọkàn wọn, kí wọ́n sì kọ́ amọ̀ mímọ, igi gbígbẹ́ àti aṣọ híhun ti ìlú wọn. Ní ọdún 1937, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún dé gbọ̀ngàn Zwemmer ní London. Ben Enwonwu wà nínú wọn.

Lónìí, ó rọrùn láti pín àwọn méjèèjì sí apá ẹni rere àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn kan ní Ọnàbólú ta àṣà fún òyìnbó. Àwọn mìíràn ní òyìnbó ni kò fẹ́ kí àwọn dúdú kọ́ ohun tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń kọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bú Ọnàbólú ni ó burú jù. Ní ayé tirẹ̀, òyìnbó ń sọ lójú rẹ̀ pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò lè gba irú iṣẹ́ yẹn. Báwo ni ó ṣe fẹ́ dá wọn lóhùn, bí kì í bá ṣe pé kí ó yà á, kí ó sì jọ? Ẹ̀tọ́ ni ó ń jà fún. Murray náà rí òtítọ́ kan, pé ọmọ tí ó ń da àwòrán ẹlòmíràn kọ kò tí ì ronú. Àwọn tí wọ́n kọ́, olúkúlùkù wọn, kì í sì ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọjọ́ orí tí ọkàn ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń fẹ́ kí àwòrán jọ ohun tí ó ń wò ni wọ́n wà.

Ìdájọ́ tí ó tọ́ nìyí, lójú ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà láti inú kíláàsì: ìmọ̀ Ọnàbólú jẹ́ ẹ̀kọ́, bí sípẹ́lì àti àmì ohùn ti jẹ́ ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ́ ọmọ ní gbangba nígbà tí ó bá tó kọ́ ọ, ní ìpele ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀nà kan láàárín ọ̀nà púpọ̀ ni. Ṣáájú ìgbà náà, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kí ó ya ohun tí ó mọ̀. Ọ̀nà yìí kò ní kí ó má mọ ìjọra tó bá yá. Enwonwu tí Murray tọ́ náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Slade ní London, òun ni ó ṣe ère Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní ọdún 1957, òun kan náà ni ó ya Tútù, ọmọ ọba Ifẹ̀, ní ọdún 1974, àwòrán tí wọ́n lù ní gbàǹjo ní London ní ọdún 2018 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn.

Ewu kan ṣì wà tí ó ju igi pupa lọ. Àwọn ènìyàn ti fi àwòrán díwọ̀n ọpọlọ ọmọ. Ní ọdún 1926, Florence Goodenough ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kan jáde: kí ọmọ ya ọkùnrin kan, kí wọ́n ka ojú, ìka, bọ́tìnnì àti ìyókù tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi iye wọn sọ bí ọpọlọ ọmọ náà ti tó. Títí di òní, ilé-ìwé aládàáni mìíràn a máa ní kí ọmọ ya ènìyàn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Wọn kò gbọ́ pé ní ọdún 1950, Goodenough fúnra rẹ̀, òun àti Harris, kọ̀wé pé àlá lásán ni kí ènìyàn máa wá ìdánwò tí àṣà ìbílẹ̀ ọmọ kò ní í ràn. Ní Gúúsù Áfíríkà, William Hudson fi àwòrán ọdẹ, ẹtu àti erin han àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọdún 1960. Erin kéré nínú àwòrán nítorí pé ó jìnnà. Ọ̀pọ̀ tí kò kàwé ní ó jọ pé erin ni ọdẹ ń fi ọ̀kọ̀ lé, àwọn kan sì sáré kéde pé Áfíríkà kò lè rí jíjìn nínú àwòrán. Nígbà tí Jan Deregowski ní Zambia gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti amọ̀ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán mìíràn, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kùnà ìdánwò Hudson kọ́ ọ, ó dúró, ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn.

Ìwádìí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ní Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ ni ti Robert Serpell, ní ọdún 1979. Ó mú àwọn ọmọ Lusaka ní Zambia àti àwọn ọmọ Manchester ní Ìlú Ọba, ó fún wọn ní iṣẹ́ kan náà: kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí ó jẹ́ pé bébà àti pẹ́ńsù ni wọ́n lò, àwọn ọmọ Manchester borí. Nígbà tí ó jẹ́ wáyà, àwọn ọmọ Lusaka borí, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ máa ń fi wáyà ṣe mọ́tò ìṣeré. Nígbà tí ó di amọ̀, tí àwọn méjèèjì ń fi ṣeré, wọ́n dọ́gba. Ojú àwọn ọmọ náà kò yí padà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ohun èlò tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn, tí wọ́n ń wọ́ ọ kiri, mọ ohun tí Serpell rí. Ọmọ tí ó lè fi agolo ṣe tánkà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, irú ọpọlọ wo ni wọ́n tún fẹ́ kí ó ní kí wọ́n tó gbà á wọ kíláàsì?

Àwọn òbí yóò sọ pé ìdánwò ni àwọn ń wò, pé WAEC a máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ohun tí wọ́n bá gbé sórí tábìlì bí ó ṣe rí. Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́ta ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama sì tó láti kọ́ ọ, bí ọmọ bá ṣì ń ya àwòrán nígbà tí ó débẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í yà á mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ọmọ ní bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré nígbà tí ọmọ náà ti gbà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje pé òun kì í ṣe ayàwòrán.

Ohun tí olùkọ́ ìpele kékeré lè ṣe kò ná ilé-ìwé ní owó. Kí ó ní kí ọmọ sọ àwòrán rẹ̀, ní Yorùbá bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó ń fọ̀ nílé, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí abẹ́ àwòrán bí ó ti sọ ọ́ gan-an. Yóò bá àròkọ pàdé níbẹ̀ kí ọmọ tó mọ lẹ́tà kọ. Owó tí àwọn òbí ń san lórí ìwé ápù àti ọkùnrin oníyìnyín lọ́dọọdún, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ lè rọ́pò rẹ̀; ó fẹ̀, ó funfun, kò sì sí ìlà ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ tí ọmọ kò gbọdọ̀ kọjá.